Arvid Torkelson Tí Kì Í Yin Àwòrán

Ọjọ́ tí Arvid Torkelson jáde nílé láti lọ ra búrẹ́dì ní Duluth, ìlú Fargo ló já sí. Ìrìn wákàtí mẹ́rin ni, kò sì ṣìnà. Ìwọ̀n káfíńtà ló gbé sórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, irú èyí tó ní omi nínú gíláàsì, tí afẹ́fẹ́ róbótó kékeré kan máa ń sá síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú tàbí ó fì. Ó fi bẹ́líìtì ọkọ̀ dè é bí ẹni tó gbé ọmọ dání.

Lorna Petrak ló fà á, olùkọ́ kan tó ń gbé ní Fargo. Ó ya àwòrán àká ọkà ńlá kan láàárín yìnyín, ó sì gbé e sórí Èbúté Ìmọ́lẹ̀, ìkànnì tí àwa olùfẹ́ kámẹ́rà káàkiri Amẹ́ríkà àti Kánádà ti máa ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wa han ara wa. Àwòrán náà gún régé. Gbogbo èèyàn ń yìn ín. Arvid dé, ó kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Ilẹ̀ rẹ fì sápá òsì."

Lorna dá a lóhùn pé bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

"Ní Fargo?" Arvid kọ ọ́ padà. "Bí èèyàn bá da omi sílẹ̀ ní Fargo, omi náà ò ní mọ ibi tó máa gbà."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jà á. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán náà ju igba lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn Lorna. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí bàbá gíga kan tó gbé irin gígùn lápá.

"Ẹ káàárọ̀. Torkelson nìyí. Níbo ni àká yẹn wà?"

Lorna sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun kọ́kọ́ fẹ́ pe ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n òun ò tíì gbọ́ olè tó gbé ìwọ̀n wá jalè rí. Ó wọ bàtà yìnyín rẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Arvid gbé ìwọ̀n lé orí yìnyín, ó gbé e lé ojú títì, ó gbé e lé ìdí ọgbà. Níbi gbogbo, afẹ́fẹ́ inú gíláàsì dúró sáàárín gangan, kò mira. Arvid bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́. Ni Lorna bá gba ìwọ̀n náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e ti ara ògiri àká. Afẹ́fẹ́ náà sá lọ sí ìpẹ̀kun gíláàsì. Àká fúnra rẹ̀ ló fì. Ọgọ́ta ọdún ni afẹ́fẹ́ pápá ti ń tì í. Nígbà tí Lorna ń tún àwòrán ṣe, ó na àká náà ró láìmọ̀, ilẹ̀ ló wá fì dípò rẹ̀.

Arvid wo àká náà títí.

"Ilé ló jẹ̀bi," ó wí. "Mo dárí jì ọ́."

"Èmi ò tíì dárí jì yín," ni Lorna fèsì. "Ẹ wọlé wá jẹun."

Ìdí tábìlì Lorna ni Arvid ti pe ilé. Bernadine ìyàwó rẹ̀ fi sùúrù gbọ́ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ti àká, ti afẹ́fẹ́ pápá, ti afẹ́fẹ́ inú gíláàsì. Nígbà tó parí, Bernadine bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé o ra búrẹ́dì náà?"

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Arvid fi ṣiṣẹ́ nínú ilé kékeré tó wà lórí afárá Duluth, èyí tí wọ́n máa ń gbé sókè kí ọkọ̀ ojú omi lè wọlé láti orí adágún. Ẹni tó ti ń pàṣẹ fún gbogbo ọkọ̀ ojú títì pé kí wọ́n dúró láti ìgbà èwe rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè máa tijú láti sọ fún èèyàn pé àwòrán rẹ̀ ò dáa. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Bernadine bó ṣe yẹ kó máa to ìkòkò. Bernadine ra kámẹ́rà fún un kó lè kúrò ní ilé ìdáná. Ó kúrò lóòótọ́. Oṣù mẹ́ta ni. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ nípa Èbúté Ìmọ́lẹ̀, ó sì gbé kọ̀ǹpútà wá sórí tábìlì ilé ìdáná.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá wa débẹ̀ nígbà yẹn, ẹ ò mọ ohun tó fò yín. Àwa ẹgbàá mẹ́sàn-án ni. Tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè, kéèyàn tó mu kọfí tán, igba àwòrán ti rọ́ wọlé, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ lórí mẹ́ta nínú wọn, ẹnì kan sì ti búra pé òun ò ní padà wá mọ́. Ní ọ̀sán, ẹni tó búra yẹn ti gbé àwòrán mìíràn wá. Gbogbo rẹ̀ pátá ni Arvid ń wò, kò sì sí èyí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ sábẹ́ àwòrán ìgbéyàwó kan pé: "Ìyàwó dára. Ìgò tòmátì tó wà létí rẹ̀ náà dára. Èwo nínú àwọn méjèèjì lo wá yà?" Ó kọ sí Emmett Gaudry, ọmọ Winnipeg tó fẹ́ràn láti máa ya ẹyẹ, pé: "Ẹyẹ ti lọ. Ẹ̀ka igi lo yà."

Àwọn èèyàn ń bínú sí i bí iná. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ kan bá fi kọjá tí Arvid ò sọ nǹkan kan sí àwòrán wọn, ara wọn kì í balẹ̀. Wọ́n á kọ̀wé sí i ní kọ̀rọ̀: "Arvid, ṣé àwòrán mi ò burú tó ni?"

Ọdún kan wà tó fẹ́ ya ọkọ̀ ojú omi tó máa kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn òtútù. Àárọ̀ mọ́kànlá ló fi dúró létí omi, títí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fi gbé kámẹ́rà ró fi lẹ̀ mọ́ yìnyín. Ní àárọ̀ kọkànlá, oòrùn ń yọ, ọkọ̀ ńlá náà ń fọ́ yìnyín bọ̀, èéfín wúrà bo gbogbo adágún. Obìnrin àlejò kan tó dé fìlà pupa sún mọ́ ọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú ọkọ̀ wo ló ń bọ̀ yẹn?"

Ẹnikẹ́ni ní Duluth ì bá ti kìlọ̀ fún un. Arvid kẹ̀yìn sí omi, ó kọjú sí obìnrin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ bí ọkọ̀ náà ṣe gùn tó, ó sọ ọdún tí wọ́n kàn án, ó sọ ohun tó máa ń kó, ó sọ orúkọ ọ̀gá tó ń wà á àti ìdí tí kò fi gba ti ọkùnrin náà. Nígbà tó fi máa dórí ìdákọ̀ró, ọkọ̀ ti gúnlẹ̀. Obìnrin náà dúpẹ́, ó lọ. Arvid ò mọ̀ pé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni obìnrin náà ń fi fóònù ya àwòrán láti ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, obìnrin náà dara pọ̀ mọ́ wa, àwòrán rẹ̀ sì gba ipò kìíní. Arvid wò ó tinú tẹ̀yìn. Ó kọ ọ́ pé: "Ìmọ́lẹ̀ yìí dára díẹ̀. Ṣùgbọ́n orí arúgbó tó dí ọ̀nà níwájú yẹn ba gbogbo rẹ̀ jẹ́."

Èsì dé kíá: "Ẹ̀yin ni, sà."

Fóònù yẹn náà ló wá tú wa ká. Kò pẹ́ tí gbogbo èèyàn fi ní in lápò, tí wọ́n sì ń gbé àwòrán wọn lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í sọ̀rọ̀, tí wọ́n kàn máa ń tẹ ọkàn pupa kékeré kan, tí wọ́n á sì kọjá lọ. Arvid gbéjà kò wọ́n. "Ọkàn, ọkàn, ọkàn," ó kọ ọ́. "Ṣé ilé ìwòsàn ni? Ọkàn wo ló máa sọ fún ọ pé òkùnkùn pọ̀ jù nínú àwòrán rẹ?" Àwọn tó kà á gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n sì lọ.

Ẹgbàá mẹ́sàn-án di ẹgbẹ̀ẹ́dógún, ẹgbẹ̀ẹ́dógún di irinwó. Mọ́ńdè kan dé, àwòrán mẹ́rin péré ló wọlé, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti Arvid. Nígbà tí kò rí ẹni bá jà, ó kọ̀wé sábẹ́ àwòrán ara rẹ̀: "Arvid, ìgbà igba lo ti ya afárá yìí. Wá nǹkan mìíràn ṣe." Nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ti dá ara rẹ̀ lóhùn: "Ta ló bi ọ́?"

Ó wá mú bírò àti pépà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn tó ti lọ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kọ sí dókítà eyín kan ní Tulsa lọ báyìí: "O lọ ní oṣù kẹta láìdágbére. Àwòrán tí o fi sílẹ̀ gbẹ̀yìn, àtàǹpàkò rẹ wà nínú rẹ̀. Ṣé àtàǹpàkò yẹn lo fẹ́ kí a máa fi rántí rẹ?" Dókítà eyín náà padà wá. Ó yọ àtàǹpàkò rẹ̀ kúrò, ó tún lọ. Arvid kọ lẹ́tà kejì sí i láti dúpẹ́.

Níkẹyìn, Curtis Wendt, ẹni tó dá ìkànnì náà sílẹ̀, tó sì gbé ẹ̀rọ tó ń gbé e ró sí yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ ní Omaha lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, kéde pé òun máa pa á ní ìparí oṣù. Ó ní kí kálukú wá kó àwòrán rẹ̀. Arvid pè é lórí fóònù.

"Curtis, mo gbọ́ pé o fẹ́ ti ilẹ̀kùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. A ò ju mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ mọ́."

"Àwa mọ́kàndínlọ́gbọ̀n la wà ní ṣọ́ọ̀ṣì mi. Pásítọ̀ ò tíì ti ilẹ̀kùn."

"Ẹ̀rọ náà ti gbó, Ọ̀gbẹ́ni Torkelson. Ó ń kérora."

"Èmi náà ń kérora. Bernadine ò tíì pa mí."

"Ó ti rẹ̀ mí ni, sà."

Arvid rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Curtis sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun máa gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rù sì ba òun.

"Ajá rẹ tó ń wẹ̀ nínú odò," Arvid wá sọ, "àwòrán tí o yà nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ní kò mọ́lẹ̀ tó."

"Mo rántí. Ó dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko."

"Mo ṣì máa ń lọ wò ó. Bí o bá pa ibẹ̀, níbo ni kí n ti máa wò ó?"

Ọdún kan gbáko ni Curtis fi kún un. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ó gbé kámẹ́rà fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilé, ó ya àwòrán ẹ̀rọ náà, ó sì gbé e sórí ìkànnì. Inú gbogbo wa dùn dé orí. Arvid wò ó, ó kọ ọ́ pé: "Eruku pọ̀ lára rẹ̀. Nù ún."

Arvid ò lo ọdún náà tán. Oṣù kejì ni ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, ó jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Èbúté Ìmọ́lẹ̀ náà ò sí mọ́ báyìí, nítorí Curtis pa á lọ́jọ́ tó dá gẹ́lẹ́, àwa náà ò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lorna kọ ìròyìn ikú náà sórí rẹ̀, ó lé ní irinwó èèyàn tó ti ibi tí wọ́n sá lọ padà wá láàárín ọjọ́ méjì. Mẹ́tàlélógójì nínú wọn wa ọkọ̀ wá sí Duluth.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n jókòó ní yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú kọfí àti búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sáàárín rẹ̀. Àwọn tó ti ń bá ara wọn jà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn ò tíì rí ojú ara wọn rí. Pásítọ̀ dábàá pé kí wọ́n ya àwòrán kan pọ̀. Kò mọ ohun tó fà lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n kúrò níwájú fèrèsé, ẹlòmíràn ní fèrèsé náà gan-an ló yẹ kó wà lẹ́yìn wọn, ẹ̀kẹta ti gun orí tábìlì. Gbogbo wọn ló fẹ́ yà á, kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró kí wọ́n ya òun. Ìdajì wákàtí kọjá, pásítọ̀ bá fi fóònù rẹ̀ yà á fúnra rẹ̀. Ojú èèyàn mẹ́ta dì nínú rẹ̀, orí Emmett Gaudry ò sì sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n gba fóònù náà yíká, wọ́n wò ó. Ohùn ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń dúró dè.

Bernadine gbé kọfí kiri ọ̀dọ̀ wọn. Ó dúró lọ́dọ̀ Emmett.

"Ìwọ ńkọ́, ta ni ẹ́?"

"Emmett Gaudry ni, mà. Láti Winnipeg."

"Ẹlẹ́yẹ. Ọjọ́ tí ojú òwìwí tí o yà yẹn mọ́ kedere, Arvid ò jẹ ẹyin tó wà nínú àwo rẹ̀ tán. Ó fà mí lápá pé kí n wá wò ó."

Emmett gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ohun tó kọ sí mi ni pé ẹ̀ka igi pọ̀ jù."

"Mo mọ̀. Ó kà á sí mi létí kó tó fi ránṣẹ́. Mo ní, ṣé o ò ní yin ọkùnrin yẹn ni? Ó ní tí òun bá yìn ọ́, wàá jókòó, o ò ní tẹ̀ síwájú mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ yíká tábìlì. Ó mọ gbogbo wọn. Ó mọ ẹni tó ya afẹ́fẹ́ ìjì, ó mọ ẹni tó ya ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó mọ ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dára sí i, nítorí àárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni Arvid ń ròyìn wọn fún un bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú.

Ọ̀dọ̀ Lorna ló parí sí. Ó jókòó tì í. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn ni Dale, ọkọ Lorna, kú. Lẹ́yìn tó sin ín, Lorna gbé àwòrán kan sórí ìkànnì, Dale níbi tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tó ń de okùn bàtà rẹ̀. Gbogbo àwa yòókù kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀. Arvid nìkan ni kò kọ nǹkan kan, ó sì dun Lorna ju bó ṣe lè sọ lọ.

"Kò sọ ohunkóhun fún ọ nípa àwòrán Dale," Bernadine wí.

"Kò sọ, mà."

"Ó jókòó síwájú rẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, 'Mo ti wò ó yíká, Bernadine. Kò ní àléébù kankan.' Ló bá pa kọ̀ǹpútà, ó dìde, ó lọ fọ abọ́. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tí a ti fẹ́ra, ọkùnrin yẹn ò fọ abọ́ rí."

Lorna di ife kọfí rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. 

"Ṣé ó fọ̀ wọ́n mọ́?"

"Rárá," ni Bernadine wí, ó sì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo tún gbogbo wọn fọ̀."