Àwọn Ọ̀rẹ́ Oòrùn Tó Jẹ́ Kí Èéfín Pa Ìyá Badiru

Ìyá Badiru ti kú. Fàsílátù tí à ń pè bẹ́ẹ̀, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n bá àwa ará Ìwó lọ ata, wúkọ́ títí, ó sùn lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lóṣù tó kọjá, kò sì jí mọ́. Ẹgbẹ́ Àwọn Alọta ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kan bá Ọlọ́run dá sí i, mo sì mọ ilé wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Obìnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ata tó ń lọ̀ lọ. Bí o bá gbé abọ́ dé ìsọ̀ rẹ̀, á kọ́kọ́ yẹ inú rẹ̀ wò bí adájọ́. "Rodo méjì péré nínú gbogbo tòmáàtì yìí? Ta ni ara rẹ̀ ò yá nílé yín?" Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, mo kó rodo kún abọ́ lọ bá a. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ọkọ ìyàwó, ṣé o fẹ́ bọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni àbí o fẹ́ lé e padà sílé bàbá rẹ̀?" Kò jẹ́ lọ ata ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ẹ̀gúsí láìfọ ẹ̀rọ, omi tó fi orí ara rẹ̀ rù wá láti ilé ló sì fi ń fọ̀ ọ́. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn gan-an, mi ò ní fi bò.

Ìsọ̀ rẹ̀ kò ní fèrèsé. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń tu èéfín sí i lójú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. "Mò ń lọ ata, èéfín ń lọ èmi náà," ló máa ń wí, á sì bú sẹ́rìn-ín, títí ẹ̀rín náà á fi di ikọ́.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wá kéde ní ọdún méjì sẹ́yìn pé àjọ kan ti fún wọn ní ẹ̀rọ ìlọta tó ń lo agbára oòrùn, kí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo alọta, ta ni inú rẹ̀ dùn jù? Ẹgbẹ́ rán fìlà tí wọ́n kọ "Ọ̀rẹ́ Oòrùn" sí. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí rédíò, wọ́n ya fọ́tò lọ́tùn-ún lósì. Ìyá Badiru kò rí fìlà gbà, ṣùgbọ́n òun ló wọ ọkọ̀ lọ sí Kuta àti Olúpọ̀nnà, tó ń ti ìsọ̀ dé ìsọ̀: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rọ tí kì í mu epo, tí kì í rú èéfín, tí ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn ara yín nídìí rẹ̀!" Alọta méjìdínlógún ló fi orúkọ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Iṣẹ́ tó yẹ kí ẹgbẹ́ ṣe ló ń bá wọn ṣe yẹn.

Kí wá ni ẹgbẹ́ ń ṣe? Ẹ fara balẹ̀ jókòó kí n tó sọ ọ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sínú gbọ̀ngàn wọn, wọ́n to pánẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé, wọ́n sì fi tapólì bò ó. Mo ní wọ́n fi tapólì bo pánẹ́ẹ̀lì oòrùn, wọ́n fi okùn dì í pinpin, kí eruku má baà bà á jẹ́ kí àlejò pàtàkì tó máa ṣí i tó dé. Àlejò náà ti sún ọjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Oòrùn ní tiẹ̀ ń yọ lójoojúmọ́, kò sún ọjọ́ kankan. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ oòrùn, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀rẹ́ níbi tí ẹ ti wá nìyẹn, kí wọ́n di ọ̀rẹ́ wọn lójú?

Nígbà tí dókítà sọ fún Ìyá Badiru pé kó jìnnà sí èéfín, èmi ni mo sìn ín lọ bá alága ẹgbẹ́, Alàájì Shamsudeen. Ìyá àgbà kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ dìde, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi," ni Alàájì wí.

"Alága, ẹ jẹ́ kí n máa lo ẹ̀rọ yẹn kí àlejò yín tó dé."

"Háà, ẹ̀rọ àfihàn mà ni, Ìyá! Bí ata bá kàn án, kí la ó fi han àlejò?"

"Ẹ̀rọ ata, tí ata ò gbọdọ̀ kàn?"

"Ẹ ṣáà ṣe sùúrù."

Ó ṣe sùúrù fún oṣù méje nínú èéfín. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹ wá gbọ́ ti ọjọ́ fìdáù. Ẹgbẹ́ gbé bánà ńlá wá, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí i, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Aṣáájú Agbára Oòrùn." Kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn lè ṣiṣẹ́, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ fèrèsé. Èéfín wọlé bá àwọn àáfà nídìí àdúà. Alága ń pariwo kí ohùn rẹ̀ lè borí jẹnẹrétọ̀: "Ìyá wa fẹ́ràn oòrùn o!" Ẹni tí a wá ṣàdúà fún nìkan ni kò wúkọ́ lọ́jọ́ náà.

Lydia ló kù ní ìsọ̀ báyìí. Ó ti bá Ìyá Badiru ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gbé ohùn òkè mọ́," ló sọ fún mi lánàá. "Bí mo bá ti fẹ́ gbé e, ikọ́ ló ń jáde. Mo ti lọ bá Alága. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù."

Alàájì, ẹ̀yin kọ́ lẹ dá èéfín sílé ayé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tó gba ohun rere lórúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tó sì fi í pamọ́ fún wọn, kí ni kí a máa pè é? Ẹ pe ìpàdé ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ sọ lójú gbogbo alọta ẹni tó ní kí wọ́n bo pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ sọ ìdí tó fi jẹ́ pé sùúrù lẹ fún obìnrin tó ń kú lọ nígbà tó bèèrè ẹ̀rọ. Kí ẹni tí ajé ọ̀rọ̀ náà bá ṣí mọ́ lórí fi ipò sílẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀yin alára. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gun òrùlé kí ẹ tú okùn yẹn. Bí àlejò pàtàkì bá dé, ẹ fi ata tí ẹ̀rọ náà lọ̀ se ọbẹ̀ fún un, òun náà á mọ̀ pé ẹ̀rọ ń lọ̀ kúnná. Ṣùgbọ́n Lydia ni kó kọ́kọ́ lò ó, nígbà tó ṣì ní èémí tí yóò fi ṣiṣẹ́.