Mítà Ilé Bàbá Dákẹ́

Ìyá Bátìrì ni gbogbo wa ń pè é níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé ó bí bátìrì o, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá a sọ tí kò ní já sórí bátìrì. Ẹ kí i pé ṣé dáadáa ni, á ní dáadáa ni, àfi bátìrì tí wọ́n kó dé láìpẹ́ yìí, ayédèrú ni wọ́n.

Iléeṣẹ́ omi ni wá. Mítà tí à ń rì sẹ́nu ọ̀nà àwọn oníbàárà kì í lo iná. Bátìrì kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, òun ló sì fi ń ránṣẹ́ láti orí afẹ́fẹ́ pé omi báyìí ló wọ ilé lágbájá. Èmi ni mo máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà tó ń gba iṣẹ́ tí wọ́n ń rán. Ìyá Bátìrì ní tiẹ̀, á gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, á lọ kúnlẹ̀ ti ihò mítà, á yọ bátìrì tó ti kú, á fi tuntun sí i. Eékún rẹ̀ méjèèjì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Bàbá rẹ̀ nìkan ló kù tó ní láyé.

Káfíńtà ni bàbá náà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Apá ibòmíì nínú ìlú ni wọ́n ń dá gbé. Ìyá Bátìrì bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, wọ́n ní ilé tí àwọn fọwọ́ ara àwọn kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ta ló fẹ́ lé àwọn kúrò níbẹ̀? Alágídí ni wọ́n, ọmọ wọn náà sì jọ wọ́n. Etí wọn ti wúwo débi pé fóònù ò wúlò fún wọn mọ́. Ohun tí ọmọ fi ń mọ̀ pé bàbá jí ire ni mítà omi. Láràárọ̀, kó tó gbé àpò sílẹ̀, á wá dúró sẹ́yìn àga mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ilé bàbá."

Tí mo bá ti rí i pé omi ti rìn níbẹ̀, màá ní, "Wọ́n ti wẹ̀." Á rẹ́rìn-ín, á bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bàbá mọ̀ sí i. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún un pé, "Tí mo bá ti ṣí omi láàárọ̀, mo ti kí ẹ nìyẹn. Má wá máa wọ́ tìkẹ̀tìkẹ̀ bọ̀ wá wò mí bí aláìsàn."

Láyé ìgbà yẹn, gbogbo wákàtí ni mítà máa ń ránṣẹ́, yálà omi rìn tàbí kò rìn. Iṣẹ́ rírán yìí gan-an ló ń jẹ bátìrì. Bátìrì wá ń kú ṣáá, a ò rí tuntun tó tó, ni ọ̀gá wa bá ní kí mítà máa ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìyá Bátìrì gbéra nílẹ̀.

"Ọ̀gá, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ nígbà tí omi bá rìn nìkan. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kí ló ń pariwo fún?"

Ẹnjiníà wa ní òun náà ti ń ro nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe é, bátìrì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. A pàtẹ́wọ́ fún Ìyá Bátìrì. Èmi ni mo tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ kíkan jù.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rò ni pé tẹ́lẹ̀, mítà tí omi ò rìn níbẹ̀ máa ń sọ fún wa pé omi ò rìn. Èyí tí bátìrì rẹ̀ bá kú nìkan ló ń dákẹ́. Ní báyìí, àtèyí tó kú àtèyí tí omi ò rìn níbẹ̀, ìkan náà ni ìdákẹ́ wọn. Àmọ́ ó ti mọ́ wa lára láti ọjọ́ pípẹ́: mítà bá ti dákẹ́, a ó ní bátìrì ti kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, Ìyá Bátìrì wá dúró sẹ́yìn àga mi. Ilé bàbá dákẹ́.

"Áà, bátìrì bàbá ti kú," ló wí. "Mo mọ̀. Ara àwọn ayédèrú yẹn náà ni."

"Ṣé o ò ní sáré débẹ̀?"

"Ọ̀la ló kan àdúgbò wọn. Àwọn kan ti ń dúró dè mí kí ti bàbá tó dákẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní mo ń fi bàbá mi ṣáájú."

"Òótọ́ ni," ni mo dáhùn. "Bàbá náà á fi sinmi lọ́wọ́ ìṣọ́ rẹ lónìí." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi bátìrì tuntun sápò, ó jáde. Ilé bàbá ló gbẹ̀yìn láàdúgbò náà, torí náà ilé àwọn ẹlòmíì ló kọ́kọ́ ń ṣe bọ̀. Lọ́sàn-án, mo ń wo kọ̀ǹpútà, ni mo bá rí i tí mítà bàbá ránṣẹ́: omi ń rìn! Inú mi dùn. Mo pè é lórí fóònù.

"Ìyá Bátìrì, o kú iṣẹ́ o! Bátìrì tuntun ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá sì ti ṣí omi!"

Mò ń gbọ́ ìró omi lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì fọwọ́ kan mítà."

"Ta ló wá ṣí omi?"

"Èmi ni. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀ ni mo bá wọn. Mò ń fọ ojú wọn."

Obìnrin tó ń gbé ní ilé kejì sọ pé òun gbọ́ tí wọ́n ń gbá ògiri lọ́jọ́ Tuesday yẹn, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Ó rò pé káfíńtà ń kan nǹkan ni. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, inú bí mi sí obìnrin náà, kí n tó rántí pé èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bàbá ò dákẹ́. Wọ́n gbá ògiri títí agbára fi tán.

Lẹ́yìn tí a sin bàbá, Ìyá Bátìrì ṣì ń wá síbi iṣẹ́. Láràárọ̀, ó ṣì máa ń dúró díẹ̀ sẹ́yìn àga mi, kò sì ní béèrè nǹkan kan. Mítà náà wà níbẹ̀ títí di òní. Bátìrì rẹ̀ ò kú. Omi ni kò rìn.