Orúkọ Igi Bàbá Awódélé

Abímbọ́lá tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Mayfair ní sùúrù fún kọ̀ǹpútà, kò ní fún ènìyàn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí èmi ló máa ń jágbe mọ́.

Bàbá rẹ̀, Bàbá Awódélé, fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú ọgbà ní yunifásítì. Ní báyìí, ó ń gbin igi kéékèèké sínú ọ̀rá dúdú lẹ́yìnkùlé wọn ní Òkèrèwè. Àìsàn ọ̀fun gba ohùn rẹ̀ léṣìí. Bó bá sọ̀rọ̀, àfi kéèyàn fi etí ti ẹnu rẹ̀, tàbí kó ní kó tún un sọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ wá wo igi náà ní Sátidé, ẹ̀rù sì ń ba Bàbá pé òun ò ní lè dárúkọ àwọn igi náà fún wọn. Ni Abímbọ́lá bá kọ prógíráàmù tí yóò tẹ orúkọ igi kọ̀ọ̀kan sórí ìwé pélébé tí a ó lẹ̀ mọ́ ọ̀rá.

"Akòko" jáde pé. "Ìrókò" náà pé. "Pàǹdọ̀rọ̀" wá di "Pàǹdọ" pẹ̀lú àmì ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀. "Ọ̀rúwọ̀" náà gé. Bàbá dá wọn padà, ó ní òun ò gbin ààbọ̀ igi.

Mo ní kí Abímbọ́lá kúkú yọ gbogbo àmì orí àti ìdí lẹ́tà kúrò, ta ni yóò mọ̀? Ojú burúkú ló fi wò mí.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé la kọ́kọ́ fura sí. A gbé e lọ sọ́dọ̀ Roqeeb tó ń tún irú rẹ̀ ṣe ní Sábó. Roqeeb fi tẹ ìwé ilé-kéú kan, Lárúbáwá jáde kedere pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Àǹtí, printer yín ò ṣe nǹkan kan," ó ní. "Ẹ lọ wo ohun tẹ́ ẹ kọ fún un."

Ó dun Abímbọ́lá, àmọ́ òótọ́ ni. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ó ti ní kí prógíráàmù náà gé orúkọ tó bá ju mẹ́wàá lọ, ó rò pé lẹ́tà ló ń kà. Báìtì, ìyẹn ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ló ń kà. "O" lásán gba báìtì kan. Tí a bá fi àmì sí i lórí àti nídìí, ó lè di márùn-ún. Ó tún un kọ, kí lẹ́tà àti àmì rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Gbogbo orúkọ jáde pé. Ó jó yí mi ká.

Ní Sátidé, èmi náà wà ní Òkèrèwè. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọ̀rá kan. Bàbá ti la ẹnu, ó fẹ́ dárúkọ igi náà fún un.

"Pàǹdọ̀rọ̀," ọmọ náà kà á sókè lára ìwé pélébé náà.

Bàbá pa ẹnu dé, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn gan-an. Látìgbà tí àìsàn yẹn ti dé, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i tí ẹnikẹ́ni ò ní kí Bàbá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.