Ìrẹsì tí Wọ́n Bọ̀ fún Dókítà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kẹ́ ẹ gbọ́: èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi wà nínú bí àbúrò mi obìnrin ṣe di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá sí gáréèjì Kútò wá bèèrè. Kò sí dírẹ́bà tí kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi níbẹ̀; àwọn mìíràn tilẹ̀ ti há a sórí.

Iṣẹ́ àbúrò mi kì í ṣe kékeré. Kẹ́mísìrì ni, ó sì tún fi físíìsì kún un. Lọ́jọ́ tí mo ní kó là á yé mi, ẹyin ló fọ́ sínú àwo.

Ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ wo funfun ẹyin yìí, omi ni. Tẹ́ ẹ bá gbé e kaná, á le. Purotéènì inú rẹ̀ ló wé bíi gèlè. Iná á tú gèlè náà, kò sì ní lè wé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mọ bó ṣe wé, àti ìgbà tó máa tú.”

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwé ni mi ò parí, orí mi ò kú.

Ìrẹsì Ọ̀fàdà ló ń ṣe irú ìwádìí yìí lé lórí. Ó wá ku ìwé ìwádìí kan ṣoṣo tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ jáde kí wọ́n tó lè fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ lókè òkun ní àfi kó fi ìwọ̀n ooru tó ń tú purotéènì ìrẹsì náà hàn. Ẹ̀rọ tó lè wọ̀n ọ́n, ọjọ́ márùn-ún péré ni wọ́n yá a. Tí wọ́n bá ti gbé e lọ, ó di ọdún wo?

Ló bá ní kí n bá òun ra ìrẹsì tí iná kò tíì kàn. Ta ni ì bá tún rán? Ọ̀nà Kọ́bapẹ́ yẹn, mo lè dijú kí n ka gbogbo kòtò ibẹ̀. Mo lọ bá ìyá àgbà kan tó ń dá oko ìrẹsì ní Ọ̀fàdà, tí mo máa ń bá gbé ẹrù.

Mo ní, “Ìyá, èyí kì í ṣe ti ọjà o! Dókítà yunifásítì ló ni ín, ọmọ ìyá mi ni. Ẹ má dójú tì mí.”

“Dókítà kẹ̀? Dírẹ́bà, fọkàn balẹ̀. Kò ní rí òkúta kan ṣoṣo níbẹ̀.”

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti sọ ti iná. Nígbà tó ṣe é tán, mo gbé àpò náà lọ fún àbúrò mi.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n gbé ẹ̀rọ dé kọjá, àbúrò mi kò gbé fóònù. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo lọ bá a níbi iṣẹ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ọkùnrin kan tó ń bá a ṣiṣẹ́, tó wọ kóòtù funfun, dúró tì í.

Àbúrò mi nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. “Bọ̀dá mi, ẹ wò ó. Ó yẹ kí ìlà yìí ga bí òkè níbi tí gèlè ti tú. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ láti ọjọ́ Ajé.”

Mi ò wo ìlà. Mo ki imú bọ inú àpò ìrẹsì. Ṣé ẹ mọ̀ pé àpò ìrẹsì tútù ni mo ń gbé láti oko, èyí tí wọ́n ti bọ̀ ni mo ń gbé lọ sọ́jà? Imú mi mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Mo pariwo, “Wọ́n ti bọ̀ ọ́! Òórùn omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí nìyí! Gèlè ti tú láti Ọ̀fàdà!”

“Ẹ ò sọ fún wọn pé kí iná má kàn án ni?”

“Mo sọ fún wọn pé dókítà ló ni ín.”

Ohun tó bà á jẹ́ gan-an nìyẹn. Ìrẹsì tí wọn ò bọ̀ máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń bó èèpo. Ta ni yóò kó èérún fún dókítà? Ẹ̀bi tèmi ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló gbóòórùn ẹ̀bi náà?

Mo já èrò tó ti jókòó sílẹ̀ ní Kútò, mo ní kí wọ́n wọ mọ́tò ẹ̀yìn mi. Ó di Ọ̀fàdà.

Ìyá ní, “Ìrẹsì inú èèpo? Ṣé adìẹ ni dókítà ń sìn ni? Èyí tí mo ṣà títí ojú fi ń ro mí, kò dára?”

“Ó dára jù, Ìyá. Dídára rẹ̀ ló fẹ́ pa wá.”

Èmi fúnra mi ni mo gún un lódó lẹ́yìnkùlé àbúrò mi lọ́jọ́ náà. Gbogbo ìgbà ló ń pariwo, “Ẹ rọra, Bọ̀dá mi, kó má gbóná!” Ó fẹ́ èèpo dànù, ó gbé e lọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ìlà náà ń lọ, ó tẹ́, ó tẹ́. Àfi bó ṣe gbérí díẹ̀. Ó tún gòkè. Ó ń gun òkè lọ! Ó dé ténté, ó yípo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Mo fò sókè. Ọkùnrin kóòtù funfun dì mọ́ ẹ̀rọ. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mi tábìlì!”

Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbalaja. “Ó wé,” ló ń wí. “Bọ̀dá mi, gèlè náà wé tẹ́lẹ̀ kó tó tú!”

Ìwé náà jáde. Ó ṣe díẹ̀, àbúrò mi pè mí lórí fóònù bí mo ṣe ń sún mọ́ Kọ́bapẹ́ pẹ̀lú èrò nínú mọ́tò. Ẹkún àti ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́tà ọ̀jọ̀gbọ́n ti dé. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo bọ́ sílẹ̀, mo ń jó láìsí ìlù.

Ìyá kan yọrí lójú fèrèsé. “Dírẹ́bà, ṣé ìyàwó bímọ ni?”

“Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyá mi! Mọ́tò ẹ̀gbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ wọ̀ yìí!”

“Háà! Ẹ kú oríire o! Olúwa á jẹ́ ó kalẹ́.” Gbogbo mọ́tò ní àmín. Ìyá náà ní, “Ó yá, ẹ̀gbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ wọlé wá wa mọ́tò. A fẹ́ dé Ṣágámù.”