Ojú Ò Ní í Ṣí

Láti kékeré ni Bàdírátù aránṣọ ti ń tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Agbowó kọjú sí ti Gbádérọ̀, tó ń fi gèèmù orí tẹlifíṣọ̀n pawó. Bí iṣẹ́ ò bá pọ̀, Bàdírátù á sọdá. Wọ́n á jọ jókòó, ìmọ́lẹ̀ búlúù á bò wọ́n, ariwo títì á sì jìnnà bí ẹni pé ìlú mìíràn ló wà.

Nínú gèèmù náà, èèyàn méjì ló ń bá jàǹdùkú jà. Ojú ni wọ́n ń pe iwájú tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹnì kan bá sáré fi ẹnì kejì sílẹ̀, ojú náà á dúró gbagidi, ọ̀nà ò ní í ṣí síwájú.

"Bàdí ìgbín! Rìn jàre!" Gbádérọ̀ á kígbe.

"Máa sáré lọ. Ojú ò ní í ṣí. Dúró dè mí."

Gbogbo ẹni tó ń wá gbá gèèmù níbẹ̀ ló mọ gbólóhùn yẹn.

Ní 1993, ìjọba ológun fagi lé ìbò ààrẹ. Bàdírátù ti tò lóòrùn dìbò lórí ẹsẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n ní àwọn èèyàn máa rìn lọ sí Mọ́kọ́lá láti fẹ̀hónú hàn, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Gbádérọ̀ náà ti tirẹ̀.

"Tí wọ́n bá tú yín ká ńkọ́?" Yéjídé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í. "Ta ni yóò dúró dè ọ́?"

Ohun tó ń bà á lẹ́rù náà nìyẹn. Ó ṣáà lọ.

Ní ìkóríta Ṣángo, tajútajú àwọn ṣọ́jà bọ́ sáàárín wọn. Èéfín funfun bo ọ̀nà. Ilé, igi, èèyàn, gbogbo rẹ̀ ń léfòó bí ohun ojú àlá. Èrò sá. Ó ku Bàdírátù nìkan. Kò mọ ìgbà tó pariwo:

"Ojú ò ní í ṣí o!"

Ìyá olómi tútù kan sáré jáde. "Yéè! Wọ́n ti fọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójú!" Ó da omi sí i lójú. "Là á díẹ̀díẹ̀, ọkọ mi."

"Màmá, ojú mi kọ́. Ojú tẹlifíṣọ̀n ni."

"Háà! Ó ti dé orí ẹ̀!"

Gbádérọ̀ ti sá jìnnà. Ó gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró kí ọkàn rẹ̀ tó mọ ìdí. Àwọn mẹ́rin mìíràn tó ń gbá gèèmù lọ́dọ̀ rẹ̀ náà ti dúró. Wọ́n padà wọnú èéfín, wọ́n ń húkọ́, wọ́n gbá a lọ́wọ́ mú.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún rìn. Iwájú ni wọ́n fi àwọn tí kò lè sáré sí: Bàdírátù, baba arúgbó méjì, obìnrin kan tó pọn ọmọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá wọn. Èrò ń bọ̀ lẹ́yìn wọn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí omi. Àwọn ṣọ́jà gbé ìbọn, wọ́n ń wò.

Ẹsẹ̀ ń ro Bàdírátù dé eegun. Ó dúró díẹ̀. Gbogbo èrò dúró. Ó mí kanlẹ̀, ó tún gbẹ́sẹ̀.