Ọjọ́ Márùn-ún Òní

Mo ṣì kéré, gbígbé ni wọ́n ń gbé mi wọ ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí àwọn òbí mi kó wa kúrò ní etíkun Ìlàjẹ wá sí Wàrì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà létí odò á rántí: kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti dáná ẹja yíyan. Èéfín á wọ aṣọ ilé ìwé wa, kò sì sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. A ó jẹ púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwa, a ó sì máa ta tẹ́ń-tẹ̀n, eré àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀, lọ sílé ìwé. Nílé, èdè Ìlàjẹ la ń sọ; níta, Pijin; ní kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì. Mo rò pé mo gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Olùkọ́ kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ Ọ̀yọ́, Àǹtí Àdùkẹ́. Pálọ̀ rẹ̀ ló ti ń kọ́ wa ní lẹ́sìn fún ìdánwò ìwọlé sí sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹni tó bá ṣi ìṣirò á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á fi ìka kan kanlẹ̀. N kì í sábà ṣì í. Bísí, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, ìyẹn ló sì ń bí Àǹtí nínú sí mi.

"Ọmọ eléja," ni yóò wí, "òórùn rẹ ti ṣáájú rẹ wọlé."

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ní Mọ́ńdè tí lẹ́sìn parí, ó ní kí n lọ pọnmi kún ìkòkò òun. Ẹ̀yìn mi ló sọ ọjọ́ ìdánwò fún àwọn tó kù ní Pijin: "Na Friday o!" Nígbà tí mo dé, wọ́n ti túká. Èmi nìkan ló sọ Yorùbá fún: "Ọjọ́ márùn-ún òní."

Ẹ̀rù bà mí láti bi í lẹ́ẹ̀kejì. Mo ka ìka mi bí wọ́n ṣe ń kà á nílé ìwé: Túsìdè, ọ̀kan. Mo kà á dé Sátidé.

Ní Sátidé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wẹ̀. Mo gbẹ́ pẹ́ńsù mi ṣóńṣó. Géètì ilé ìwé tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò wà ní títì. Ọlọ́dẹ ní, "Small sister, dem don write am yesterday."

Ìyá mi ń yí ẹja lórí iná nígbà tí mo dé. Ó ní kí n tún ọjọ́ náà kà. Ó di àtàǹpàkò mi mú. "Òní ńkọ́? Ṣé òní kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Mo sunkún lọ bá Àǹtí. Ó ní, "Yorùbá ni mo sọ fún ọ. Àbí eléja kì í ṣe Yorùbá?"

Bísí wọlé sí sẹ́kọ́ńdìrì. Èmi jókòó ti ẹja fún ọdún kan gbáko. Ẹ̀gbẹ́ iná yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ aládùúgbò fún ìdánwò tí èmi kò rí ṣe. Iṣẹ́ náà ni mo ń ṣe títí dòní, ní Edjeba, ní Wàrì níbí. Láti Jeddo àti Aladja ni wọ́n ti ń wá múra ìdánwò yunifásítì lọ́dọ̀ mi. N kò lè jókòó. Mo ń wo ọjọ́ ìdánwò ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo ń padà lọ wò ó. Wọ́n ní, "Mama no dey rest."

Ní Mọ́ńdè kan láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan wá béèrè ọjọ́ tirẹ̀. Mo mọ ilé tó ti wá: Àǹtí Àdùkẹ́ ni ìyá ìyá rẹ̀, ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì ń pè ní Ìyá Ẹ̀kọ́ báyìí. Mo rìn dé ojú fèrèsé, mo padà. Mo ní, "Ọjọ́ márùn-ún òní."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mama, abeg, na which day be dat? Today dey inside?"

"Fúráìdè ni," mo ní. "Òní wà nínú ẹ̀."

Nígbà tiwa, ọmọ tó bá bi àgbà ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀kejì, orí ìkúnlẹ̀ ló ti máa gbọ́ èsì. Àwọn tòde òní ń béèrè, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín, a sì ń pè é ní àìlẹ́kọ̀ọ́. Ká ní mo ní díẹ̀ nínú àìlẹ́kọ̀ọ́ yẹn lọ́jọ́ tí mo pọnmi dé!

N kò tíì dárí ji Àǹtí Àdùkẹ́. Ṣùgbọ́n ní Fúráìdè, mo dúró ní géètì ibi ìdánwò títí ọmọ ọmọ rẹ̀ fi wọlé.