Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Mo Gé Kúrò

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà lèmi àti ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan ti kọ́ iṣẹ́ ẹ́dítìn fíìmù ní Kétu. Mo ti lo ọdún kan níbẹ̀ kí òun tó dé. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé àwòrán, tí wọ́n sì ń so ó mọ́ òmíràn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá gbé fíìmù tó yà létí odò Agboyi dé. Obìnrin kan ń retí ọkọ rẹ̀ tó lọ pẹja, ṣùgbọ́n lófìfo ni ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ máa padà dé. Ọ̀gá ní kí àwa méjèèjì to ibi tí ọkọ̀ náà ti padà dé, kálukú lọ́tọ̀.

Omijé obìnrin náà ni mo gbájú mọ́: ọwọ́ tó fi bo ẹnu, ojú àwọn aládùúgbò, àwòrán ń sáré tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀rẹ́ mi ò gé nǹkan kan. Ó fi obìnrin náà sílẹ̀ níbi tó ti kọ̀yìn sódò, tó ń sá aṣọ, tó ń rẹ́rìn-ín. Ní igun àwòrán, lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ kékeré ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni nínú rẹ̀.

Ọ̀gá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Èyí la máa lò."

Ara mi gbóná. Ṣebí èmi ni mo kọ́ ọ! Ọ̀rẹ́ mi bó ọsàn fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ní eyín ń dùn mí.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó lọ ra tòmátì ní Mile 12, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo gé ọkọ̀ náà kúrò, mo fi ojú ẹlẹ́kún rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá rí i, ó jágbe mọ́ wa. "Ta ló gé ibí yìí?"

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Ó ní, "Èmi ni, sà. Mo kàn ń dán an wò ni. Màá dá a padà."

Ọ̀rẹ́ mi ò bi mí léèrè rí.

Mo mú ìyá mi lọ wo fíìmù náà ní gbọ̀ngàn kan ní Ogudu. Àwọn èèyàn ni mò ń wò. Nígbà tí ọkọ̀ yẹn yọ, gbogbo orí yí sí igun kan náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Ìyá mi di apá mi mú, wọ́n ń pariwo sí obìnrin inú fíìmù: "Ìyàwó, wẹ̀yìn o! Wẹ̀yìn rẹ!" Gbogbo gbọ̀ngàn gbà á lẹ́nu wọn. Omi bọ́ lójú mi, kì í ṣe nítorí apẹja.

Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, ìyá mi bi mí pé, "Ṣé ìwọ lo ṣe ibi ọkọ̀ yẹn?"

"Àwa méjèèjì ni, mà."

Ọ̀rẹ́ mi ti ní ọ́fíìsì tirẹ̀ ní Ìkòsì báyìí. Tí fíìmù rẹ̀ bá jáde, mo máa ń mú ìwé àti bírò dání láti kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀. Títí fíìmù á fi parí, mi ò ní kọ nǹkan kan. Mi ò sì tíì bẹ̀ ẹ́.